Wọ́n ń jiyàn bọ́ọ̀lù di òru, wọ́n sì dákẹ́ lórí omi Ọ̀ṣun: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Ìwòran, Ìgbọ̀nà:

Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń gba oorun lójú mi láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni mo ní ní Ìgbọ̀nà níbí, ní Òṣogbo. Ọdún kẹsàn-án rèé. Bẹ́ńṣì 14, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, projẹ́tọ̀ tòkunbọ̀ kan, jẹnẹrétọ̀ kan, àti aṣọ funfun tí ìyàwó mi rán fún mi láti fi ṣe ojú sinimá. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìdíje ńlá bá wà, ẹsẹ̀ kì í gbèrò. Bí rẹfirí bá fọn fèrè ìkẹyìn, wọn kì í lọ. Wọ́n á máa jiyàn: ṣé ọwọ́ ló fi gbá a ni àbí àyà, ṣé kóòṣì ló jẹ̀bi àbí gólì. Mo ti pa jẹnẹrétọ̀ rí kí wọ́n lè lọ sílé; inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń bá a lọ.

Láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo ti ń lo ọjọ́ Ajé tí kò bá sí bọ́ọ̀lù láti fi dókúmẹ́ńtárì han àwọn ará àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò sọ ti fíìmù àgbéléwò. Fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni mò ń wí, èyí tí ẹni tí ọ̀ràn dé bá yóò jókòó níwájú kámẹ́rà, tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ rò ó. Ìyá mi ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n bí wọn sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, a máa ń bá wọn lọ fọṣọ létí odò, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, a máa ń rí òkúta tó wà nísàlẹ̀ omi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún tó kọjá, mo fi ọ̀kadà gbé wọn lọ síbẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n wo odò náà títí, wọ́n wá ní, "Ta ló da tíì sí i?" Àwọ̀ tíì tí wọ́n da mílíìkì sí gan-an ló ní.

Gbogbo wa la ti gbọ́ ohun tó fà á. Lápá Ìjẹ̀ṣà, lókè odò, wọ́n ń wa wúrà, wọ́n sì ń fọ erùpẹ̀ rẹ̀ sínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ Ọ̀ṣun. Ní 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó wọlé, ìjọba kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi náà. Odò tó ń gba inú igbó tí UNESCO kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé ní 2005! Omi tí àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá bu sínú ìgò gbé lọ!

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ya fíìmù fún mi ní èyí tó ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà, ìṣẹ́jú 44. Ènìyàn 61 ló wá wò ó. Mo kà wọ́n. Kò sẹ́ni tó fọhùn títí ó fi parí. Mo tan iná, mo ní, "Ó yá, kí lẹ rí sí i?" Kẹ́kẹ́ pa.

Bàbá kan tó ń ṣe káfíńtà ní òpópónà wa ló dìde. Òun ló kan bẹ́ńṣì tí mo ń lò. Ó ní, "Àkọ́bí mi wà lókè lọ́hùn-ún tó ń wa góòlù. Owó tó ń fi ránṣẹ́ ni àbúrò rẹ̀ fi ń lọ sílé-ìwé. Ṣé kí n máa pe ọmọ mi ní apànìyàn ni?" Ó jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olóṣèlú dìde, ó ní bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tàwọn ló wà níbẹ̀ ni, omi ì bá ti mọ́. Wọ́n hó lé e lórí. Ẹlòmíràn ní kí a fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. A gbàdúrà. Àmín rọ̀jò. Láti ìgbà tí mo tan iná dé ìgbà tí ilé ṣófo, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ.

Obìnrin mẹ́rin péré ló wà láàárín ènìyàn 61 yẹn. Ọ̀kan nínú wọn dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Tí a bá sè é ńkọ́? Tí a bá fi álọ́ọ̀mù sí i?" N kò mọ èsì tí n ó fún un. Ojú tì mí gan-an, nítorí èmi ni mo pè wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú èyí rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ọ̀rọ̀ fi ń jáde? Kí ló dé tí gólù kan fi lè dá ìjà sílẹ̀ di agogo méjìlá òru, tí omi tí gbogbo wa jọ ni kò sì lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Bàbá káfíńtà náà kò tíì padà wá, kódà kò wá wo bọ́ọ̀lù. Ó ń dùn mí.

Ìyá Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ obìnrin mẹ́rin yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú. Ta ni yóò fi ọmọ sílẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, tí yóò wá jókòó sáàárín ọkùnrin nínú ilé bọ́ọ̀lù? Ọkọ tó bá gbà fún un gan-an, àdúgbò ò ní gbà. Bẹ́ẹ̀ ta ló ń pọn omi? Ta ló ń fi omi sè, tó ń fi wẹ ọmọ? Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ò sí níbẹ̀. Gbé aṣọ funfun rẹ wá sí àgbàlá wa lọ́jọ́ Sátidé, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, kí a fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. A ó gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ àdìrẹ ni mo jogún. Ìyá mi fi èlú àti omi eérú ṣe aró, odò ló sì ti ń ṣan aṣọ. Èmi náà ṣan aṣọ níbẹ̀. Nísinsìnyí kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì ni mo ń ra omi, torí bí omi bá ní ẹrẹ̀, funfun inú aṣọ ò ní yọ. Kò sẹ́ni tó bi mí rí iye tí ìyẹn ń ná mi. Bí o bá bi mí, n ó sọ fún ọ di alẹ́.

Ibẹ̀ ni èsì ìbéèrè rẹ wà. O ní kí ló dé tí wọ́n fi ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Ojú wọn ló ṣe! Gbogbo wọn ló rí i, kò sẹ́ni tó lè sọ fún ẹnì kejì pé kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù parí, o ní kí ni wọ́n rí sí i. Ìbéèrè ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Ẹni tí kò kàwé yóò ronú pé kí òun má lọ ṣìsọ. Bi wọ́n ní ohun tí kò sí ẹni tí kò ní èsì rẹ̀: ìgbà wo lo mu omi Ọ̀ṣun kẹ́yìn? Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dáhùn, láti orí bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ títí dé ti ẹ̀yìn.

Ìyá mi máa ń sọ fún wa nípa ọkọ̀ sinimá ìjọba, nígbà àwọn òyìnbó. Wọ́n á ta aṣọ sí gbàgede lálẹ́, wọ́n á fi bí a ṣe ń tọ́jú kòkó tàbí bí a ṣe ń gbá àyíká hàn. Ọ̀gbufọ̀ kan á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà pẹ̀lú gbohùngbohùn, á máa fi Yorùbá rò ó bó ṣe ń lọ. Màmá ní fíìmù náà kì í pẹ́ kúrò lọ́kàn, àmọ́ ohun tí ọ̀gbufọ̀ bá sọ, wọ́n á máa tún un sọ di ọdún tó ń bọ̀. Ìwọ náà, dá fíìmù rẹ dúró láàárín. Má jẹ́ kó ṣàn títí dé òpin bí omi òjò.

To bẹ́ńṣì yẹn yípo, kí ojú máa wo ojú. Má sì fi ẹnikẹ́ni ṣe alága.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè dáhùn, torí inú kọ́kọ́ bí mi.

Mo wa góòlù fún ọdún méjì àti ààbọ̀. Mo ti fi í sílẹ̀. Bàbá káfíńtà yẹn sọ ohun tí bàbá tèmi náà ì bá sọ. Ẹ̀yin ará Òṣogbo rí omi tó dà bí tíì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń di tíì fún yín. A ó gbẹ́ kòtò, nígbà mìíràn ó máa ń jìn ju ilé alájà kan lọ. A ó fi ẹ̀rọ fa omi odò, a ó máa da erùpẹ̀ sórí pákó tó dagun, tí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé. Wúrà wúwo, yóò há sínú kápẹ́ẹ̀tì. Ẹrẹ̀ á bá omi lọ. Ẹrẹ̀ yẹn ni ìyá yín rí.

Lẹ́yìn náà ni mákúrì, irin kan tó ń ṣàn bí omi. Ọwọ́ lásán la fi ń pò ó mọ́ ohun tó há sínú kápẹ́ẹ̀tì. Á gbá wúrà mọ́ra, á di bọ́ọ̀lù kékeré kan tó ń dán. A ó gbé e sórí iná. Mákúrì á di èéfín, wúrà á kù. Mo ti ṣe é nínú yàrá tí mo ń sùn. Kò sí ẹnì kan tó sọ fún mi pé èéfín yẹn burú. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa mọ̀, torí wọn kì í dúró nígbà tí a bá ń sun ún.

Ẹ bi ara yín: nínú ìṣẹ́jú 44 yẹn, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fún awakùsà láti sọ̀rọ̀? Ta ló bi í pé ta ló ni ẹ̀rọ, ta ló ni ìwé àṣẹ, ta ló ń ra góòlù, èló ló ń kù sí ọwọ́ ẹni tó wọ kòtò? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn wa nìkan ni wọ́n yà, tí wọ́n fi orin adẹ́rùbani sí i, ẹ má retí kí bàbá wa dúró gbọ́ ìyókù.

Ẹ lọ bá bàbá náà nílé rẹ̀. Ẹ má pè é lórí fóònù.

Bàbá Ìwòran, Ìgbọ̀nà:

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, mo gbà. Mo tún fíìmù náà wò lálẹ́ àná, mo di aago mú. Ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀ ni awakùsà fi hàn, ẹ̀yìn ni wọ́n sì yà wọ́n, gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Ẹnì kankan nínú wọn ò sọ̀rọ̀. Mo ti wò ó ní ìgbà mẹ́ta kí n tó fi han èèyàn, n kò sì fura. Mà á lọ sílé bàbá.

Màmá Aláró, ẹ ṣeun. Sátidé yẹn yóò ṣeé ṣe.

Nọ́ọ̀sì Ayétòrò:

Èsì fún obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá a rí, kí ẹ sọ fún un.

Sísè ń pa kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì. Kì í mú òjé tàbí irin olóró mìíràn kúrò nínú omi. Bí omi bá ń hó tí ó ń gbẹ, irin inú rẹ̀ wà níbẹ̀, omi ló ń dínkù. Álọ́ọ̀mù máa ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ rogún sílẹ̀, omi á mọ́ lójú, ṣùgbọ́n omi lè mọ́ lójú kí ó má mọ́ nínú. Nítorí náà kí ó má mu ún, kí ó má fi sè, pàápàá bí oyún bá wà nínú tàbí bí ọmọ kékeré bá wà nílé. Ọpọlọ ọmọ tó ṣì ń dàgbà ni irú májèlé bẹ́ẹ̀ ń bá jà jùlọ.

Fún ẹni tó ní ọmọ níbi iṣẹ́ wúrà: kí wọ́n má gbé òkúta tàbí erùpẹ̀ rẹ̀ wálé. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ló kú, torí àwọn ará abúlé ń lọ òkúta wúrà nínú ọgbà ilé wọn. Òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì balẹ̀ síbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ọmọ tó ń kú ò mọ ohun tí wúrà ń jẹ́.

Bàbá Ìwòran, ẹ má tún fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ hàn láìsí òṣìṣẹ́ ìlera kan níbẹ̀. Ẹ̀rù tí kò ní ìmọ̀ràn lẹ́yìn, ìnira ni. Bó bá jẹ́ Sátidé, mo lè wá.

Ayàfíìmù Ìbàdàn:

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Ọ̀ṣun yẹn ló ń ṣàn wọ ìsédò Aṣéjíre, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ omi Ìbàdàn ti ń rí omi.

Ohun tí Ọmọ Ìjẹ̀ṣà sọ ti ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn, wọ́n sì rí ọgbọ́n dá sí i. Ní 1967, àwọn apẹja kan wà ní erékùṣù Fogo, ní ilẹ̀ Kánádà. Ìjọba fẹ́ kó wọn kúrò níbẹ̀ lọ sí ibòmíràn, torí wọ́n ní ibẹ̀ kò lérè mọ́. Àwọn ará erékùṣù náà gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ara wọn yé: abúlé wọn jìnnà síra, ẹ̀sìn wọn yàtọ̀. Colin Low, tó ń bá iléeṣẹ́ fíìmù ìjọba Kánádà ṣiṣẹ́, lọ síbẹ̀. Kò ṣe fíìmù ńlá kan tó máa sọ pé ẹ wo bí ìyà ṣe ń jẹ wọ́n. Fíìmù kékeré-kékeré ló ṣe, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ èrò ọkàn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n yà ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn, òun ló sì máa sọ bóyá kí ẹlòmíràn rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e káàkiri abúlé. Ohun tí ẹnì kan ò lè sọ sójú aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà gbọ́ ọ lójú aṣọ funfun, inú rẹ̀ ò sì ru bó ṣe máa ru bí wọ́n bá wà lójúkojú. Wọ́n gbé fíìmù náà dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ, wọ́n sì ya èsì tiwọn náà padà wá fún àwọn apẹja. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé àwọn apẹja dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, wọn ò sì kó kúrò.

Ìkejì bá ọ̀rọ̀ yín mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí mákúrì náà ni. Ní Minamata, ní Jàpáàní, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan ń da omi onímákúrì sínú òkun, àwọn èèyàn sì ń jẹ ẹja ibẹ̀. Ní 1956 ni wọ́n kéde àìsàn tó ń ṣe wọ́n ní gbangba. Ọdún 1968 ni ìjọba tó jẹ́wọ́ ohun tó fà á. Ọdún méjìlá! Noriaki Tsuchimoto ṣe fíìmù lórí rẹ̀ ní 1971, wọ́n sì wò ó káàkiri. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà rí i pé àwọn abúlé apẹja tó yí òkun yẹn ká gan-an ni kò tíì rí i, ọ̀pọ̀ sì ń fi àìsàn pamọ́ níbẹ̀, kí ẹja wọn má baà kùtà, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ̀ láti fẹ́ ọmọ wọn. Ní 1977, ó di ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ń ta aṣọ lálaalẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ronú nípa rẹ̀ ni mo máa ń bi ara mi pé ta ni èmi ń ya fíìmù tèmi fún.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ bàbá káfíńtà fi ohùn ránṣẹ́. Ohùn nìkan, láìsí ojú, láìsí orúkọ, láìsí orúkọ ibi tó wà. Kí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ kí ẹlòmíràn tó gbọ́. Ẹ fi han Òṣogbo, kí ẹ wá gba èsì Òṣogbo, kí ẹ gbé e lọ fún un.

Agbẹjọ́rò kan:

Ní kúkúrú. Ọmọ olóṣèlú yẹn parọ́ fún yín ní alẹ́ ọjọ́ náà, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Lábẹ́ òfin ìwakùsà ti 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ Nàìjíríà. Abuja ni wọ́n ti ń fún èèyàn ní ìwé àṣẹ ìwakùsà. Gómìnà yòówù kó wà níbẹ̀, kò lè fúnni. Òfin yẹn kan náà ló ní kí ẹni tó gba àṣẹ láti wa kùsà bá àwọn ará ìlú tó gbàlejò rẹ̀ ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ béèrè àdéhùn náà. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè èsì àyẹ̀wò omi lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje sì ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè.

Nípa fíìmù fúnra rẹ̀: ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, lórí ìwé. Ẹ bi í bóyá ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, èyí tí òfin 1993 dá sílẹ̀. Ní 2013, àjọ náà pàṣẹ pé kí wọ́n má fi *Fuelling Poverty*, fíìmù Ishaya Bako lórí owó ìrànwọ́ epo, han gbogbo èèyàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àlàfo tí yóò fi ti ilẹ̀kùn yín pa.

Bàbá Ìwòran, Ìgbọ̀nà:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Ẹ ní sùúrù kí n rò ó bó ṣe rí.

Mo lọ bá bàbá káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀, mo kàn dọ̀bálẹ̀. Ó gbé mi dìde. Ó ní inú ò bí òun sí mi. Ó ní nígbà tí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti ń sun nǹkan yẹn hàn, òun rántí pé ọwọ́ ọmọ òun máa ń gbọ̀n nígbà tó wálé fún ọdún Iléyá, tí òun sì rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ẹ̀rù ló ba òun. Òun ò sì fẹ́ sọ ìyẹn níwájú ènìyàn 61, ni òun fi sọ ti apànìyàn. Mo jókòó sórí pákó níbẹ̀, n kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ó pe ọmọ náà lójú mi. A bá a sọ̀rọ̀, mo ka gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ sí i létí. Lọ́jọ́ kejì ó fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó ní kí a yọ ibì kan kúrò, a yọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, obìnrin 33 àti ọkùnrin márùn-ún ló wà ní àgbàlá Màmá Aláró. A dá fíìmù dúró ní ìṣẹ́jú kejìlá. Màmá bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn. Obìnrin àkọ́kọ́ ní òun mu ún nígbà tí òun ń wá ọmọ, ọmọ náà ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Ìkejì ní òun mu ún lóṣù tó kọjá, kò sì sí ohun tó lè mú òun dẹ́kun, torí Yèyé ò ní pa ọmọ rẹ̀. Ẹnì kan fún un lésì pé Yèyé gan-an ni wọ́n ń fún ní májèlé. Ẹ̀yin ará, wọ́n bẹ̀rẹ̀! Wọ́n ń jà, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ò ráyè jókòó.

A wá fi ohùn ọmọ náà sí i. Ó sọ iye tó ń kù sí i lọ́wọ́ lóòjọ́. Ó ní bí òun bá rí iṣẹ́ mìíràn, òun ò ní dúró di alẹ́. Lẹ́yìn ohùn náà ni Màmá Aláró dìde, tí wọ́n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí. Wọ́n ní èlú àti eérú ni ìyá wọn lò, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣe àdìrẹ lónìí, kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó là ń lò, gọ́tà la sì ń da omi rẹ̀ sí. Wọ́n ní, "Níbo ni gọ́tà yẹn ń ṣàn lọ?" Àwọn kan bínú, wọ́n ní kò tó ti awakùsà. Àwọn mìíràn ní òtítọ́ ni. Agogo méjì ọ̀sán kọjá kí a tó pa jẹnẹrétọ̀, ìjíròrò ò tíì parí.

A kọ lẹ́tà fún èsì àyẹ̀wò omi, obìnrin 27 ló fọwọ́ sí i, àwọn tí kò lè kọ̀wé tẹ àtàǹpàkò. Mo fi jíṣẹ́ fúnra mi, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Ọjọ́ kẹrin rèé. A ti gba ohùn àwọn obìnrin náà sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lórí gọ́tà wa. Èsì wa sí ọmọ bàbá káfíńtà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń kan férémù tí a ó ta aṣọ funfun náà sí, kí a lè tú u palẹ̀, kí a gbé e lọ sí Ìjẹ̀ṣà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, a ó nílò rẹ níbẹ̀ láti mú wa wọ ìlú. Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀sì tó lè gbé bẹ́ńṣì mẹ́jọ àti jẹnẹrétọ̀, epo wà lọ́dọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.